Ìrìn Ọ̀pá Tí Kò Délé

“Ta ló tẹ ibí yìí?”

Másítà ti lóṣòó sórí iyanrìn àgbàlá ilé wa, ó ń fi ìka tọ́ka sí ipa ẹsẹ̀ kan. Ìgbálẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Ipa ẹsẹ̀ náà kéré sí ti àwọn ọmọkùnrin tó ń kọ́ níjà, èmi nìkan sì ni ọmọbìnrin tó ń gbálẹ̀ àgbàlá yẹn láràárọ̀.

“Èmi ni, sà.”

“Ta ló kọ́ ẹ?”

“Kò sẹ́ni tó kọ́ mi, sà. Ibi tí wọ́n tẹ̀ lánàá ni èmi náà ń tẹ̀, kí n tó gbá a.”

Ó wò mí títí. Mo rò pé etí mi ló fẹ́ fà. Ó ní, “Lọ mú ọmọ odó ìyá ẹ wá.” Ọmọ odó yẹn ni ọ̀pá ìjà tí mo kọ́kọ́ dì mú láyé mi.

Káfíńtà ni bàbá náà. Ilé kan náà la jọ ń gbé ní Bàrígà, nítòsí ọ̀sà, níbi tí òórùn ẹja yíyan àti òórùn pákó tútù ti ń jí wa. Nígbà èwe rẹ̀, ó ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe abọ́ tánganran, ará Ṣáínà kan tó ń tún ẹ̀rọ ṣe níbẹ̀ ló sì kọ́ ọ ní kọnfú Ṣaolín lẹ́yìn iṣẹ́: ẹ̀ṣẹ́, ọ̀pá, ọ̀kọ̀, idà. Àwọn méjèèjì ò gbọ́ èdè ara wọn. Èdè Ṣáínà ló fi ń ka ìgbésẹ̀ fún wa, ṣùgbọ́n ohùn Ìjẹ̀bú ló fi ń kà á, ẹni tó bá ń kọjá á rò pé ó ń ná ẹja ni. Másítà ni gbogbo àdúgbò ń pè é.

Másítà kì í wo ojú ẹni tó bá ń kọ́. Ilẹ̀ ló ń wò. A ó gbálẹ̀ títí iyanrìn á fi tẹ́jú, ẹnìkan á wá rin ìrìn rẹ̀. Ìrìn ló ń pe ìjà tí èèyàn ń dá jà bẹ́ẹ̀, tó ń gbá afẹ́fẹ́, tó ń yẹ ẹ̀ṣẹ́ ẹni tí kò sí níbẹ̀. Àwa yòókù á fẹ̀yìn ti ògiri, a ó máa gbọ́ bí ẹsẹ̀ ṣe ń họ iyanrìn. Tó bá parí, Másítà á lóṣòó ti ipa ẹsẹ̀ náà, á ní, “Ẹ̀rù bà ẹ́ níbí. Gìgísẹ̀ ẹ ò kanlẹ̀.” Ibi tí èèyàn bá ti bẹ̀rẹ̀ gan-an ló gbọ́dọ̀ parí sí. “Tó o bá jà títí tó ò délé, o ò tíì mọ nǹkan kan.” Láti ọjọ́ tèmi yẹn, olúwarẹ̀ gbọ́dọ̀ gbá ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ rẹ́ lẹ́yìn náà, kí alákọjá má bàa jí i kọ́, bí èmi náà ṣe jí i kọ́.

Ìrìn ọ̀pá ló gùn jù. Àbọ̀ rẹ̀, ìyẹn apá ìparí tó ń múni padà sílé, Másítà kì í tètè fi kọ́ni. Ó ní àfi ọmọ tí inú rẹ̀ bá ti rọ̀, nítorí ibẹ̀ ló léwu jù nínú gbogbo rẹ̀. Méjì péré ló ti fún: Gíga, tó rí tẹ́ẹ́rẹ́ tí kì í sọ̀rọ̀, àti Pọ́pọ́, tó ki, tó máa ń pa wá lẹ́rìn-ín. Bí ọmọ ìyá ni wọ́n. Inú abọ́ kan náà ni wọ́n ti ń jẹ gàrí. Lọ́jọ́ kan tí mo ṣe dáadáa, Másítà wo ilẹ̀, ó ní, “Ìwọ ló kàn.” Mi ò sùn dáadáa nítorí ayọ̀.

Ìgbà yẹn náà ni sójà gbé ìjọba fún alágbádá. Ìdùnnú ṣubú layọ̀, àwa ọmọdé ń jó lójú títì. Kò pẹ́ tí mọ́tò onígíláàsì dúdú fi ń dúró lẹ́nu ọ̀nà wa. Olóṣèlú kan wọlé, ó ní òun ń wá àwọn ọmọ tó máa ṣọ́ òun. Másítà ò tilẹ̀ gbójú kúrò lára pákó tó ń fá. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, sà, ọ̀pá tèmi kì í ṣe ọ̀pá ìbò.”

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó jáde, ó lọ ń bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ níta. Pọ́pọ́ tẹ̀ lé e. Alátakò olóṣèlú náà ní Ṣómólú gba Gíga síṣẹ́ tirẹ̀.

Pọ́pọ́ wá dágbére, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. “Ẹ má bínú, Másítà. Kọnfú ò yó èèyàn. Ebi ń pa wá.”

Másítà ń fá pákó ọwọ́ rẹ̀ lọ títí tó fi bà á jẹ́.

Lọ́jọ́ kan, ní ọ̀sán gangan, àwọn ọmọ olóṣèlú méjèèjì kọlu ara wọn ní Abúlé Òkúta. Ọmọlanke ni wọ́n fi ti Gíga wá sílé, orúnkún rẹ̀ ti fọ́. Másítà lóṣòó tì í, bó ṣe máa ń lóṣòó ti ipa ẹsẹ̀ wa. Ó na ìka sí ojú ọgbẹ́ náà, kò fọwọ́ kàn án.

“Àbọ̀ ni,” ó sọ ọ́ wẹ́lẹ́. “Ibi àbọ̀ ni wọ́n ti gbá ẹ.”

Gíga bú sẹ́kún. “Pọ́pọ́ ni, sà. Mo pè é lórúkọ, sà. Mo pè é.”

“Ó mọ ibi tó o máa gbé ẹsẹ̀ sí. Èmi ni mo kọ́ ẹ. Èmi náà ni mo kọ́ ọ.”

Kíá la gbé e lọ sí Igbóbì. Àwọn dókítà sa ipá wọn, ṣùgbọ́n orúnkún náà ò ká mọ́. Másítà wá kó gbogbo ọ̀pá wa jáde, ó ń fi ayùn gé wọn, ó ń kàn wọ́n ní ọ̀pá tí Gíga máa fi sábẹ́ abíyá rìn. Màmá mi bẹ̀ ẹ́ pé kó sinmi. Ó ní, “Ìyá wa, ẹni bímọ ọ̀ràn ní í pọ̀n ọ́n.” Kò kọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Pọ́pọ́ ò sì yọjú sí wa mọ́ láéláé.

Mo lọ kúnlẹ̀ níwájú Másítà. “Ẹ jọ̀ọ́, Másítà, ẹ kọ́ mi ní àbọ̀ náà.”

“Mo ti gbàgbé.”

Irọ́ ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń rìn lábẹ́ bẹ́ǹṣì, díẹ̀díẹ̀, nínú èérún pákó tó wà nílẹ̀. Mo tẹrí ba láti wo ipa rẹ̀. Ó rí ojú mi, ó sì fi àtẹ́lẹsẹ̀ nu gbogbo rẹ̀ rẹ́. Ó kú kí òjò ọdún náà tó dá, àwọn èèyàn rẹ̀ gbé e lọ sí Ìjẹ̀bú.

Mo ti dàgbà báyìí. Wọ́n ti da kọnkéré bo àgbàlá yẹn, ipa ẹsẹ̀ ò hàn níbẹ̀ mọ́. Mo bá Gíga nídìí tábìlì tó ti ń ta káàdì ìpè ní Ṣómólú, mo ní kó fi ẹnu lásán ṣàlàyé àbọ̀ náà fún mi. Ó wo orúnkún rẹ̀, ó ní, “Àbúrò, má bi mí.” Mi ò bi í mọ́.

Síbẹ̀, láàárọ̀, mo ṣì máa ń mú ọmọ odó, mo máa ń rin ìrìn náà dé ibi tí mo mọ̀ ọ́n dé, ìbànújẹ́ á sì dé bá mi níbẹ̀. Ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ ò jìnnà. Mo ń wò ó. Mi ò mọ ẹsẹ̀ tí wọ́n ń gbé débẹ̀.