Àwòrán Èbúté Tó Wá Láti Ọ̀yọ́

Férémù ni mò ń ṣe ní àdúgbò Under G, Ògbómọ̀ṣọ́. Fọ́tò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè ló pọ̀ jù lọ́wọ́ mi. Ọmọbìnrin tí mò ń fẹ́, Ọ̀yọ́ ló ti ń ṣe tíṣà. Ní Sátidé kan, ó dé pẹ̀lú bébà kan tó ká bí ẹní.

"Bá mi fi gíláàsì sí i," ló wí. "Tíṣà kan níléèwé wa ló fún mi."

"Ọkùnrin?"

"Ọkùnrin ni. Ṣé o ò ní wo àwòrán náà ni?"

Mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì, mo tẹjú mọ́ ọn. Ẹ̀kán ọ̀dà wínníwínní nìkan ni mo rí, búlúù, pupa, funfun, bí ìgbà tí èèyàn fọ́n ọkà bàbà sílẹ̀. Lọ́dọ̀ àwọn tó ń tẹ bánà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi, bí àwòrán bá ti rí báyẹn, wọ́n ti fẹ̀ ẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ nìyẹn, ó ti bàjẹ́. Inú mi dùn. Kí n má purọ́, ó dùn gan-an.

"Wọ́n ti lu ọkùnrin rẹ ní jìbìtì. Àbí ìwọ ló fẹ́ lù?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó lẹ àwòrán náà mọ́ ògiri iwájú ṣọ́ọ̀bù, ó fà mí lápá, a sọdá títì sáàárín àwọn ọlọ́kadà.

"Wò ó láti ibí."

Èbúté ni. Àwọn ọkọ̀ ojú omi gúnlẹ̀ sétí omi, oòrùn ń wọ̀, omi ń dán.

"Ó mà ń mì o!" Ọlọ́kadà kan ló pariwo. "Ẹ wá wo omi!"

Ó dára débi pé ó dùn mí. Ta ló fi ibi tí wọ́n ti ń dúró wò ó hàn án? Mo rí ọkùnrin yẹn lójú inú mi, ọwọ́ rẹ̀ wà léjìká ọmọbìnrin mi.

"Ṣé bó ṣe fa ìwọ náà lápá nìyí?"

Mi ò sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́. Àwọn ọlọ́kadà yíjú sí mi. Ọ̀kan ní, "Ha, bùrọ̀dá, ìyẹn ò dáa o."

Ó sọdá padà, ó ká àwòrán rẹ̀.

"Bàbá àgbàlagbà ni tíṣà yẹn, ó ń fẹ̀yìn tì. Ó ń pín ẹrù ilé rẹ̀ fún àwa tíṣà. Àwọn kan gba àga. Èmi ní àwòrán ni mo fẹ́, fún pálọ̀ tiwa." Kò gbójú sókè. "Mo ní ìwọ lo máa ṣe férémù rẹ̀."

Kẹ̀kẹ́ ló wọ̀ lọ. Mo pè é lórí fóònù, kò gbé e.

Mo kọ́kọ́ ń sọ fún ara mi pé irọ́ ni, kò sí bàbá kankan. Owú kì í tètè kú. Nígbà tó rọ̀ díẹ̀, mo wọkọ̀ lọ sílé wọn ní Ọ̀yọ́. Ìyá rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn, ojú mi sì ti ń wá bàtà ọkùnrin lẹ́nu ọ̀nà kí n tó kí i. Kò sí.

"Ẹ káàsán, mà."

"Káàsán, ọmọ mi. Ó ní kí n sọ fún ẹ pé òun ń sùn."

Láti ẹ̀yìnkùlé, àwa méjèèjì ń gbọ́ ọ tó ń fọ abọ́, tó ń kọrin. Ìyá rẹ̀ wo ilẹ̀.

"Tó bá jí, ẹ bá mi kí i, mà."