Ọrùn Ẹsẹ̀ Inú Àwòrán

Ìbẹ̀rù ló máa ń jí Ursule Bazin láàárọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni, ó ń kọ́ ijó orí ọmọ-ìka ẹsẹ̀ ní ilé ijó ńlá Paris, níbi tí gbogbo ìlú ti ń pe àwọn ọmọbìnrin bíi tirẹ̀ ní èkúté, torí pé ebi kì í kúrò lára wọn, ẹnu wọn kì í sì í dúró. Kó tó fẹsẹ̀ kanlẹ̀, á kọ́kọ́ fọwọ́ tẹ ọrùn ẹsẹ̀ òsì wò. Tó bá dùn ún, àyà rẹ̀ á já. Ojoojúmọ́ ló sì ń dùn ún, láti ìgbà tó ti rọ́ nínú oṣù kejì.

Kò sọ fún ẹnì kankan. Ta ni kó sọ fún? Ìyá rẹ̀, opó tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé alájà márùn-ún kan, ti fọ́nnu kiri àdúgbò pé ọmọ yìí ni yóò gbé òun kúrò nínú yàrá abẹ́ àtẹ̀gùn. Ọ̀gá Lachaume tó ń kọ́ wọn níjó ńkọ́? Ìyẹn kì í bá ẹsẹ̀ tó rọ́ ṣeré. Ọmọ mẹ́ta ló ti lé lọ́dún yẹn. Ikú tó ń pa ojúgbà ẹni, òwe ló ń pa fún ni, Ursule sì gbọ́ òwe náà yékéyéké. Ìdánwò ọdọọdún ti ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹni tó bá yege á di oníjó ilé náà. Ẹni tó bá fìdí rẹmi, kó máa relé.

Ayàwòrán kan wà tó ń jẹ́ Vauquelin, ọ̀kan nínú àwọn tí ìwé ìròyìn ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé wọn kì í parí àwòrán kí wọ́n tó gbé e síta. Oníjó tó ń fò lójú àwọn olówó kò wù ú yà. Èyí tó ń yán, tó ń họ ẹ̀yìn, tó jókòó wọ̀ọ̀ sórí àga, ìyẹn ló wù ú. Ó pe Ursule wá sí yàrá iṣẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó pe ọ̀rẹ́ Ursule tí wọ́n jọ ń kọ́ ijó, Noémie Tardieu onírun pupa, lọ́jọ́ kejì. Ó ní kí kálukú ṣe bó ṣe máa ń ṣe tó bá rẹ̀ ẹ́. Ó rẹ Ursule lóòótọ́. Kó tó mọ̀, ó ti tẹ̀ ba, ó ti fi ọwọ́ méjèèjì di ọrùn ẹsẹ̀ tó wú náà mú, ó ń rọra fún un.

"Dúró bẹ́ẹ̀," ni Vauquelin wí. "Má mira."

Ó dúró. Ìgbà tó délé ló tó yé e ohun tó ṣe. Kò sí èkúté tí kò mọ̀ pé bí wọ́n bá ti pàtẹ àwòrán lọ́dọọdún, Ọ̀gá Lachaume á lọ síbẹ̀ lọ wá àṣìṣe ẹsẹ̀. Ojú oníjó kì í kàn án. Ẹsẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wò. Áà, ọmọ yìí ti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣera rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, ó sáré lọ bá ayàwòrán náà.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi pa ẹsẹ̀ yẹn rẹ́."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹsẹ̀ yẹn gan-an ló dára jù nínú gbogbo ohun tí òun yà lọ́dún náà, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú ìdánwò, ara rẹ̀ kò gbà á mọ́, ó lọ síbi tí wọ́n pàtẹ àwòrán sí. Ọ̀gá Lachaume ló kọ́kọ́ rí, ó dúró gbagidi níwájú àwòrán kan. Ursule sá sẹ́yìn obìnrin kan tó dé fìlà ńlá, ó yọjú. Ẹsẹ̀ òun rèé, bó ṣe wú. Ọwọ́ òun rèé. Ó gbójú sókè díẹ̀, irun pupa ló rí. Orí Noémie ni Vauquelin gbé lé ọrùn òun! Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn: wọn á mú ara látinú àwòrán kan tí wọ́n kọ́kọ́ yà sórí ìwé, wọn á mú orí látinú òmíràn, wọn á so ó pọ̀.

Kí n má purọ́ fún yín, inú ọmọ náà dùn. Ó dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pariwo. Ìgbà náà ló gbọ́ tí ọ̀gá wọn dá sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Tardieu." Ursule yọ́ jáde kí ó tó yíjú.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá ní kí Noémie bọ́ bàtà lójú gbogbo wọn. Ó tẹ ẹsẹ̀ náà, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. Noémie ní kò dun òun, kò tilẹ̀ rọ́ rí.

"Ayàwòrán yẹn kò mọ iṣẹ́ parí, àmọ́ ojú rẹ̀ kì í purọ́," ni ọ̀gá wí. "Kó ẹrù ẹ."

Noémie sunkún, ó búra pé ẹsẹ̀ òun kọ́ ni. Ó wá ń wo àwọn tó tò sídìí ọ̀pá ìdánrawò lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ojú rẹ̀ fi kan Ursule, tí Vauquelin pè ṣáájú rẹ̀. Ursule la ẹnu. Ó rántí yàrá abẹ́ àtẹ̀gùn, ó rántí ìyá rẹ̀, ẹ̀rù sì pa ẹnu náà dé.

Ó yege. Ọdún mẹ́tàdínlógún ló fi jó ní ìlà kẹta lórí ìtàgé, ẹsẹ̀ náà kò sì já a kulẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni bá ṣí ilẹ̀kùn lójijì, á rò pé ọjọ́ tí àṣírí òun máa tú ti pé. Tó bá rí irun pupa lójú pópó, á yà sí òdìkejì.

Nígbà òtútù ọdún kan, ó kó lọ sí àdúgbò mìíràn, ó sì gbé aṣọ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn alágbàfọ̀. Obìnrin tó ń lọ aṣọ gbójú sókè: Noémie ni. Ó lọ aṣọ náà dáadáa, ó ká a, ó nà án sí i.

"Ẹsẹ̀ yẹn ńkọ́?" ló bi í. "Ṣé kò dùn ẹ́ mọ́?"

Ursule gba aṣọ rẹ̀. Ó ní kò dun òun mọ́.