Ìtọ̀ Tí Mo Ń Dà Nù

Mo rántí pé nígbà tí ara mi kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wú, inú mi dùn. Mẹkáníìkì tírélà ni mí ní Malu Road nígbà náà, gbogbo ẹni tó bá rí mi ló ń kí mi: "Ọ̀gá, body don fresh o!" Mo gbé ṣòkòtò fún télọ̀ kó bá mi tú u sílẹ̀, láìmọ̀ pé omi ni mo ń gbé kiri.

Nígbà tó yá, n kò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ mọ́. Bí mo bá dùbúlẹ̀, àfi bí ẹni tó ń rì sómi. Ìjókòó ni mo ń sùn. Ìyàwó mi ló fipá gbé mi láti Ajégúnlẹ̀ lọ sí ọsibítù ní Àpápá. Dókítà fìka tẹ ẹsẹ̀ mi, ojú ibẹ̀ sì jìn bí ẹ̀bà. Ó ní ọkàn mi ti rẹ̀, omi ti dé ẹ̀dọ̀fóró. Wọ́n dá mi dúró, wọ́n ń fún mi lábẹ́rẹ́ tí ń mú ni tọ̀, àràárọ̀ ni mo sì ń gun ìwọ̀n.

Inú ike ni wọ́n ní kí n máa tọ̀ sí, kí nọ́ọ̀sì lè wọ̀n ọ́n. Nọ́ọ̀sì ọ̀hún kò ju àkọ́bí mi obìnrin lọ. Ojú tì mí. Mo bá ń yọ́ da èyí tó pọ̀ nù, mo ń ṣẹ́ díẹ̀ kù sílẹ̀ fún un. Lọ́jọ́ kẹta, dókítà ní abẹ́rẹ́ náà kò ràn mí, àwọn yóò fi kún un.

Nọ́ọ̀sì ní, "Sà, ìwọ̀n bàbá ń wálẹ̀. Omi yẹn ń gba ibì kan jáde."

Nígbà tí dókítà kúrò, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kì í ṣe pé ẹ̀ ń da ìtọ̀ yín nù?"

"Ojú ló ń tì mí, ọmọ mi."

"Bí wọ́n bá fi oògùn kún un láìnídìí, ó lè gbẹ yín jù, kó ba kíndìnrín yín jẹ́. Ìtọ̀ yín ò rí mi lára, bàbá. Òun ni mo fi ń mọ̀ pé ẹ ó padà sílé."

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo jẹ́wọ́ fún dókítà, wọn kò sì fi kún un mọ́. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì, mo sùn gbalaja lórí pílò kan ṣoṣo.

Lónìí, mò ń lo oògùn mi, mo sì ti gbà fún ọbẹ̀ tí iyọ̀ rẹ̀ kò tó. N kò béèrè orúkọ nọ́ọ̀sì yẹn rí. Bí mo bá ń gbàdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì, "ọmọ yẹn" ni mo máa ń wí. Ọlọ́run mọ ẹni tí mo ń sọ.