Táńkì Pupa Nínú Ààrò Búrẹ́dì

Òórùn búrẹ́dì gbígbóná kì í jẹ́ kí n gbé orí sókè. Bí àwọn ẹlòmíràn bá ń gba ẹ̀yìnkùlé oníbúrẹ́dì kọjá, wọn a gbé imú sókè, ọ̀fun wọn a sì máa dá tòlótòló. Èmi a máa wo ilẹ̀. Ìwọ tí a jọ gbé Ìkòròdú nígbà náà, kí ìjọba òyìnbó tó lọ, á rántí ilé alámọ̀ tí mo gba yàrá kan sí lójú ọ̀nà Ìpakòdò. Iwájú ilé náà kò ní nǹkan kan ju eruku lọ, ẹ̀yìn rẹ̀ ni ayé wà. Ibẹ̀ ni ààrò Ìyá Oníbúrẹ́dì wà, amọ̀ ni wọ́n fi mọ ọ́n, ó rí rògòdò bí ikùn aboyún, páànù nínípọn kan sì ni ilẹ̀kùn rẹ̀. Bí igi bá jó tán nínú rẹ̀, ìyá náà a wọ́ eérú jáde, a fi aṣọ tútù nu ilẹ̀ rẹ̀, a sì ti ìyẹ̀fun pípò tó ti wú nínú agolo wọlé. Kì í pẹ́ tí òórùn náà fi máa ń gba gbogbo àdúgbò, tí àwọn tó ti jẹun yó á tún máa yọjú lójú fèrèsé.

Télọ̀ ni mí, o mọ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ ló kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì. Ẹni tó bá ti tú ẹ̀rọ ìránṣọ palẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìgbà, tó ti fọ eyín rẹ̀, tó ti fi etí gbọ́ ibi tí irin ti ń ha irin, kò ní bẹ̀rù irin mìíràn. Ìdí nìyí tí ọkàn mi fi fò sókè lọ́jọ́ tí mo gbé aṣọ lọ fún wolé-wolé kan tó ti fẹ̀yìntì ní Ẹ̀pẹ́, ọ̀kan lára àwọn Mùsùlùmí tí baba ńlá wọn ti Èkó sá wá tẹ̀dó síbẹ̀. Alùpùpù kan wà lábẹ́ igi àgbọn lẹ́yìn ilé rẹ̀. Àwọn táyà rẹ̀ ti gbẹ, ó ti dógùn-ún láti orí dé ìdí, adìẹ kan sì ń sàba lórí ìjókòó rẹ̀. Baba náà rí ojú mi.

Ó ní, "Télọ̀, adìẹ mi ló ń gùn ún báyìí. Bí o bá lè bẹ̀ ẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀, máa gbé e lọ."

Aṣọ Iléyá tí mo rán fún gbogbo ilé rẹ̀ ni mo fi gbà á. Nígbà tí a gbé e sínú ọkọ̀ ojú omi, tí a ń tù ú bọ̀ ní Ìkòròdú, atukọ̀ ń pariwo sí gbogbo ọkọ̀ tó bá pàdé wa pé òkú irin ni òun gbé, kí wọ́n bá òun kí ẹlẹ́kún. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ti ń wo ibi tí n ó ti bẹ̀rẹ̀.

Jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ṣe é, nítorí títí di òní mo ṣì fẹ́ràn láti sọ ọ́. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú ni mo fi ha ìpáàrà kúrò lára rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, títí irin fi ń fojú hàn bí ẹni tó jí lójú oorun. Mo da kẹrosíìnì sórí písítìnnì, irin tó ń lọ tó ń bọ̀ nínú ẹ́ńjìnnì, tó ti lẹ̀ mọ́ ibi tó wà, mo fi í sílẹ̀ kó máa mu ún, n kò fi òòlù gbá a rí. Ihò kékeré inú kábúrétọ̀, níbi tí epo ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì, fọ́nrán irun búrọ́ọ̀ṣì ni mo fi ṣí i, n kò fi abẹ́rẹ́ ṣe é, bí abẹ́rẹ́ tilẹ̀ kún ilé mi, nítorí abẹ́rẹ́ a máa fẹ ihò náà, ẹ́ńjìnnì a sì máa mu epo bí ọ̀mùtí. Páálí kàlẹ́ńdà tí mo rẹ sínú òróró ni mo gé sí ibi tí irin méjì ti pàdé, kí epo má baà jò. Aṣọ ìgbòkun ni mo rán bo ìjókòó, mo sì ki èèpo àgbọn sínú rẹ̀. Mo ta àwọn sípóòkù rẹ̀, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó di táyà mú, níkọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ta okùn gòjé, èyí tí ohùn rẹ̀ kò bá dọ́gba, mo fún un kó le. Lọ́jọ́ tí ó kọ́kọ́ dún, tí èéfín búlúù tú jáde láti ìdí rẹ̀, Ìyá Oníbúrẹ́dì ju ọwọ́ oníyẹ̀fun sókè, ó sì kí mi bí ẹni tí ìyàwó rẹ̀ bímọ.

Táńkì epo ló kù. Mo kùn ún ní ọ̀dà pupa, mo sá a sóòrùn, ó gbẹ, ó dán. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀kán bẹtiróòlù kan bá kán sí i lára, ọ̀dà náà a wú, a sì bó bí ara tí omi gbígbóná jó. Mo ha á kúrò, mo tún un kùn, ó tún bó. Ọkùnrin kan tó ń tọ́jú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ní Ìpakòdò ló là mí lójú. Ó ní iná ló ń mú irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀ gbó, pé wọ́n máa ń yan án ni. Mo gbọ́ "yan", mo sì yíjú sí ẹ̀yìnkùlé.

Mo sọ fún Ìyá pé, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ààrò yín ni mo fẹ́ yá, bí ẹ bá ti kó búrẹ́dì jáde."

"Kí lo fẹ́ yan? Abẹ́rẹ́ ti sú ọ?"

"Táńkì alùpùpù mi ni."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ mú. "Àwọn ẹgbẹ́ rẹ ń ra ìborùn fún àfẹ́sọ́nà, ìwọ ń sun irin jẹ. Ó dáa. Ṣùgbọ́n gbọ́, ṣé kò ní rùn?"

"Kò ní rùn rárá, Ìyá. Iná ni yóò gbé gbogbo òórùn rẹ̀ lọ."

Mo sọ ọ́ bí ẹni tó ti ṣe é rí. Ìyá kọ́ mi bí a ṣe ń mọ ooru ààrò: kí n da ìyẹ̀fun díẹ̀ sí ilẹ̀ rẹ̀, kí n sì wo bí yóò ṣe yára pọ́n tó. Bí ó bá dúdú lójú ẹsẹ̀, ooru ti pọ̀ jù, ọ̀dà yóò hunjọ. Mo dúró títí ó fi ń pọ́n jẹ́jẹ́, mo fi wáyà so táńkì náà kọ́ sí àárín, mo sì ti páànù. Lọ́jọ́ kejì mo tún un kùn, mo tún un yan. Nígbà tí mo gbé e jáde, ó pupa bí ìṣin tó là, mo lè rí eyín mi lára rẹ̀. Mo da bẹtiróòlù sí i lára, ó ṣàn lọ bí omi lórí ewé kókò. Ohun tí n kò rò ni ibi tí èéfín ọ̀dà náà lọ. Amọ̀ a máa mu nǹkan, bí ìkòkò tuntun ṣe ń mu omi. Irin ni mo mọ̀, n kò mọ amọ̀.

Òwúrọ̀ ọjọ́ ọjà Èjìnrìn, ọjà ńlá etí ọ̀sà, bí wọ́n ṣe kó búrẹ́dì jáde, Ìyá gbé ọ̀kan sí imú, ó sì dúró díẹ̀. "Télọ̀, ṣé nǹkan kò rùn níbí?"

"Ẹ̀wù mi ni, Ìyá. Ọ̀dà ti ta sí i."

Òótọ́ ni pé ọ̀dà ta sí i, bẹ́ẹ̀ ni mo sì rò. Ìyá mirí sí i, ó sì kó búrẹ́dì rẹ̀ sínú apẹ̀rẹ̀. Ó gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ ju imú ara rẹ̀ lọ.

A jọ wọ ọkọ̀ ni, nítorí mo ti fi aṣọ wé táńkì náà, mo fẹ́ gba Èjìnrìn dé Ẹ̀pẹ́, kí wolé-wolé lè rí ohun tí òkú irin rẹ̀ dà. Ní Èjìnrìn, obìnrin Ẹ̀pẹ́ kan ni oníbàárà ńlá Ìyá, òun ló máa ń kó búrẹ́dì náà lọ tà nílé. Bí òun bá gbà á, àwọn yòókù a gbà á. Bí kò bá gbà á, kò sí ọjà mọ́. Obìnrin náà já búrẹ́dì kan sí méjì, ó gbóòórùn rẹ̀, ojú rẹ̀ sì yí padà.

"Ìyá Ìkòròdú, kí ni búrẹ́dì yín mu lónìí?"

Ìyá gbà á, ó gbóòórùn rẹ̀, ó wo ẹ̀yìn. "Ọkọ̀ ni. Ẹ wo agolo kẹrosíìnì tí atukọ̀ yìí gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ apẹ̀rẹ̀ mi!" Kò purọ́. Ohun tí ó rò gan-an nìyẹn, ṣebí mo ti fi dá a lójú pé ọ̀dà kò ní rùn.

Atukọ̀ ní, "Ẹ̀yin ìyá, ebi ló pa kẹrosíìnì mi, ẹ forí jì í!" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin Ẹ̀pẹ́ náà ṣì di búrẹ́dì mú, ó ní bí ó bá jẹ́ ti ọkọ̀, ti òkè nìkan ló máa ń bà, kí wọ́n ṣí aṣọ kúrò lórí ìsàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀, kí òun yẹ̀ ẹ́ wò.

Èmi náà ti já búrẹ́dì kan. Bí mo ṣe gbé e sí imú ni mo mọ̀ ọ́n, bí ìyá ṣe ń mọ ẹkún ọmọ rẹ̀. Ìyá dúró sí ẹ̀gbẹ́ mi, èjìká wa fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra. Mo sì la ẹnu láàárín ọjà.

"Kì í ṣe kẹrosíìnì. Afẹ́fẹ́ a máa gbé òórùn kẹrosíìnì lọ, kì í wọ inú báyìí. Ọ̀dà nìyí. Ẹ gbọ́ òórùn èyí, kí ẹ fi wé e."

Mo sì tú aṣọ lórí táńkì náà. Oòrùn bà á, ó kọ mànà. Kí Ọlọ́run forí jì mí, inú mi dùn. Àwọn obìnrin náà tẹjú mọ́ ọn, mo sì rò pé ẹwà rẹ̀ ni wọ́n ń wò, ni mo bá ń ṣàlàyé lọ: bí mo ṣe so ó kọ́ sínú ààrò, bí mo ṣe yan án lẹ́ẹ̀mejì, bí ìyẹ̀fun ṣe ń pọ́n jẹ́jẹ́ bí ooru bá tó.

"Ọ̀dà?" ni obìnrin Ẹ̀pẹ́ wí. "Nínú ààrò tí ẹ fi ń yan ohun tí à ń jẹ?"

Obìnrin Ìlàjẹ kan tó ń ta ẹja gbígbẹ pàtẹ́wọ́. "Ẹ gbà mí o! Àwọn ará Ìkòròdú ti ń yan alùpùpù jẹ! Ẹ bù fún mi ní ibi ẹsẹ̀ rẹ̀!"

Ẹ̀rín gba ọjà. Ìyá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, àti oníbàárà rẹ̀. Obìnrin náà gbé búrẹ́dì kalẹ̀ sórí ẹní jẹ́jẹ́, bí ẹni ń gbé ọmọ tó sùn. Ó ní, "Ẹ má bínú, Ìyá. Àwọn ọmọ ọmọ mi ló ń jẹ ẹ́." Ó sì lọ. Ìyá yíjú sí mi. Kì í ṣe ìbínú ló wà lójú rẹ̀. Ó rí bí ẹni tó tẹ pákó afárá, tí pákó sì yọ lábẹ́ rẹ̀. Ó da gbogbo búrẹ́dì náà sínú ọ̀sà fúnra rẹ̀, apẹ̀rẹ̀ kan tẹ̀ lé èkejì, kò sì jẹ́ kí n bá a gbé e.

N kò lọ sí Ẹ̀pẹ́ mọ́. Mo jókòó nínú ọkọ̀ pẹ̀lú táńkì lórí itan mi, mo ń wá bí n ó ṣe fi aṣọ bò ó mọ́lẹ̀. Ìyá kọ ẹ̀yìn sí mi títí a fi dé Ìpakòdò. Nígbà tí ó sọ̀ kalẹ̀ ló tó wò mí.

"Télọ̀, etí mi kò jìnnà sí ọ."

Ì bá sàn kó bú mi. Mo mọ̀ pé wàá ní òtítọ́ ni mo sọ, pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni jẹ búrẹ́dì náà. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ká ní mo sọ ọ́ sí i létí, òun fúnra rẹ̀ ni ì bá bo apẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kó sọ fún oníbàárà rẹ̀ pé ti òní kò dára, kó sì gbé orí rẹ̀ lọ sílé pẹ̀lú iyì. Bó bá jẹ́ pé nítorí ikùn àwọn ọmọ ọlọ́mọ ni mo ṣe sọ ọ́, ojú kì bá tì mí tó báyìí. N kò rántí ọmọ kankan. Wọ́n pe ọ̀dà ní kẹrosíìnì, ara mi kò gbà á, ó sì wù mí kí wọ́n rí iṣẹ́ ọwọ́ mi.

A wó ààrò náà. Mo fi ẹsẹ̀ ara mi tẹ amọ̀ tuntun tí a kó láti ọ̀nà Ìgbògbò, àwọn tó ń kọjá sì ń bi mí bóyá táyà ló kàn tí a fẹ́ yan. "Búrẹ́dì alùpùpù" ni wọ́n ń pe iṣẹ́ Ìyá, èmi gan-an kò ní orúkọ nínú rẹ̀. Nígbà tí amọ̀ gbẹ, tí a dá iná sí i, tí búrẹ́dì àkọ́kọ́ jáde, Ìyá pè mí, ó já a sí méjì, ó sì gbé e sí mi nímú. Àwọn aládùúgbò ti pé jọ. Mo ti la ẹnu tán. Ìyá gbé ọwọ́ sókè, ó sì yí orí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ó gbé etí fún mi. Mo tẹrí ba.

Mo sọ sí i létí pé, "Búrẹ́dì nìkan ni, Ìyá."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń pè mí fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ ọjà lẹ́yìn náà, títí obìnrin Ẹ̀pẹ́ fi padà. Òun náà kò sì ra búrẹ́dì mọ́ láìkọ́kọ́ já a gbóòórùn. Mo gun alùpùpù náà títí ó fi gbó. Gbogbo nǹkan lára rẹ̀ ló bàjẹ́ lójú mi, àfi ọ̀dà táńkì náà. Kò bó, kò ṣá, ibi tí mo bá sì dúró sí, ẹnìkan a fọwọ́ pa á, a ní, "Télọ̀, ta ló bá ọ kun èyí? Ó mà dára o!" Mo mọ ìdáhùn rẹ̀ dé orí wáyà tí mo fi so ó kọ́. N kò dáhùn rí. Bí òórùn búrẹ́dì bá sì gbá mi nímú títí di òní, ọrùn mi a tẹ̀ fúnra rẹ̀, bí ẹni tí etí kan ń dúró dè.