Gíláàsì Ojú Àpótí Iyanrìn

Òórùn irin tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa máa ń lẹ̀ mọ́ èèyàn lára. Bí o bá ti lọ sí ọjà àlòkù irin ní Owódé Onírin lẹ́yìn òjò rí, wàá mọ ohun tí mò ń sọ: ó jọ òórùn ẹ̀jẹ̀, ó jọ ti ọ́ìlì mọ́tò tó ti jó, wàá sì gbé e délé nínú aṣọ rẹ. Ibẹ̀ ni èmi àti ọkọ mi wà ní Sátidé kan, láyé ìgbà tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọwọ́ àwọn èèyàn bíi tiwa. Ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ nídìí fìríìsà ńlá kan tó ti kú, irú èyí tí wọ́n máa ń ṣí láti òkè. Ó ń fi ìka kàn án lára, ó sì ń fetí sí i bí ẹni pé ó ń dá a lóhùn.

Bàbá tó ń tà á wò ó títí, ó ní, “Ọ̀gá, kí n má purọ́ fún yín, èyí ò lè tutù mọ́ láéláé.”

“Mi ò fẹ́ kó tutù,” ni ọkọ mi wí. “Ṣé ìdérí ẹ̀ ṣì ń dé pa?”

Aránṣọ ni mí. Ìkòsí là ń gbé, nínú ilé kékeré kan tó ní ẹ̀yìnkùlé. Ọkọ mi ti fi ọ̀pọ̀ ọdún tún ẹ̀rọ ṣe ní ilé iṣẹ́ kan ní Ìkẹjà kí wọ́n tó ti ẹ̀ka tó wà pa. Ó kó irin iṣẹ́ rẹ̀ wálé nínú báàgì, ó sinmi díẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tún máṣíìnì ìránṣọ ṣe. Àwọn aránṣọ ẹlẹgbẹ́ mi ló kọ́kọ́ gbé tiwọn wá. Nígbà tó yá, wọ́n ń wá láti Kétu, láti Máìlì 12, kódà láti Áńtónì. Àwọn máṣíìnì dúdú àtijọ́ ló pọ̀ jù, èyí tí èèyàn jogún lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, tí òjò ti pa nínú ilé tó ń jò. Inú wọn ṣì dáa, ìpẹtà ló bo ara wọn. Sánpépà ni ọkọ mi fi ń ha wọ́n, tí ìka rẹ̀ fi ń bó. Ó wá rántí àpótí kan tó wà níbi iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́: wọ́n á ti irin bọ inú rẹ̀, atẹ́gùn á máa ta iyanrìn sí i lára, iyanrìn á sì jẹ ìpẹtà náà tán pátápátá. “Èmi náà á ṣe tèmi,” ló wí, kò sì sí ẹni tó lè yí i lọ́kàn padà.

Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ, mi ò rí i kí inú rẹ̀ dùn tó ìgbà tó ń kan àpótí yẹn. Abẹ́ páànù tó ta sí ẹ̀yìnkùlé ló ti ń ṣe é, á máa súfèé láti àárọ̀. Ó yọ gbogbo ẹ̀rọ inú fìríìsà náà dànù, ó gé ihò méjì róbótó síwájú rẹ̀, ibi tí apá èèyàn máa gbà wọlé. Èmi ni mo rán apá aṣọ tó bo àwọn ihò náà, tapólì líle tí mo ṣẹ́po, abẹ́rẹ́ sì ń ṣẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. A so ìbọ̀wọ́ rọ́bà gígùn mọ́ ìdí wọn. Nísàlẹ̀, ó fi páànù ṣe ohun tó rí bí àrọ tí wọ́n fi ń rọ epo, kí iyanrìn lè máa ṣàn padà síbi tí atẹ́gùn á ti tún gbé e. Ọwọ́ fọkanáísà kan ní Kétu, tó ń kó padà lọ sí ìlú rẹ̀ lọ́nà Ọ̀yọ́, la ti rí ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn. Gbogbo etí àpótí náà ló fi rọ́bà dí. “Eruku iyanrìn ò dáa fún ẹ̀dọ̀fóró,” ló máa ń wí. Lójú ìdérí rẹ̀, ó gé fèrèsé kékeré kan, ó fi gíláàsì sí i, ó sì so gílóòbù sínú kó lè rí ohun tó ń ṣe.

Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ tan án, ariwo rẹ̀ bo ti jẹnẹrétọ̀ mọ́lẹ̀. Mo dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo ń yọjú. Orí máṣíìnì kan ló wà nínú ibẹ̀, ó pọ́n kanlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìpẹtà náà ń ṣí kúrò lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ tí irin abẹ́ rẹ̀ ń yọ funfun bí iṣu tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bó. Ọkọ mi ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. “Mummy, ṣé ò ń wò ó? Ṣé ò ń wò ó?” Mo ní mò ń wò ó.

Iyanrìn tó ń jẹ ìpẹtà kì í dá gíláàsì sí. Ó ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé gíláàsì náà á máa ṣú, a ó sì máa pààrọ̀ rẹ̀. Òótọ́ ni. Èyí àkọ́kọ́ funfun bí ìkùukùu, mo lọ Kétu, mo ra òmíràn. Ìyẹn náà ṣú. Nígbà tó yá, kì í pẹ́ mọ́ kó tó ní kí n lọ ra òmíràn, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó ń gé gíláàsì fún mi fi ń fi mí rẹ́rìn-ín: “Mummy, ṣé ẹ ń jẹ ẹ́ ni?” Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi yọ gílóòbù inú àpótí, ó fi èyí tó mọ́lẹ̀ jù ú lọ sí i, ó tún fi òmíràn kún un. Ó ní iná jẹnẹrétọ̀ ò lágbára. Lọ́jọ́ kan, ó fi èjìká gbá òpó abẹ́ páànù náà, òpó tí òun fúnra rẹ̀ rì mọ́lẹ̀, ó ní, “Ta ló gbé òpó síbí?” Ìyẹn náà pa wá lẹ́rìn-ín.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo ra gíláàsì dé, èmi fúnra mi ni mo fi í sójú rẹ̀. Mo nu iwájú rẹ̀, mo nu ẹ̀yìn rẹ̀. Ọkọ mi ti ọwọ́ bọ inú ìbọ̀wọ́, ó tẹrí sílẹ̀, ó wò ó. “Ó ṣì ṣú,” ló wí. Mo tẹrí tèmi sí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀, tó fi jẹ́ pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ wa fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra. Mo rí orí máṣíìnì. Mo rí ihò abẹ́rẹ́ rẹ̀. Mo rí àwọn hóró iyanrìn lọ́kọ̀ọ̀kan lórí ìbọ̀wọ́ rẹ̀. Kò sí ohun tí mi ò rí.

Mo ní, “Daddy, gíláàsì yìí mọ́ o.”

Kò gbé orí sókè. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣì wà nínú àpótí. Ó ní, “Mo mọ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀. Mo kàn fẹ́ kó jẹ́ gíláàsì ni.”

A lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà obìnrin kan, ọmọdé bí àbúrò mi, tan iná sí ojú rẹ̀, ó fi ẹ̀rọ fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó sì ṣàlàyé fún wa pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé omi inú ẹyinjú rẹ̀ ló ń ti ẹyinjú náà láti inú ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì ti pa èyí tó pọ̀ nínú iṣan tí èèyàn fi ń ríran. Èyí tó ti lọ ò lè padà. Oògùn tí wọ́n ń kán sójú á gbìyànjú láti di èyí tó kù mú.

“Ṣé iyanrìn ló fà á?” ni ọkọ mi bi í.

“Rárá, Daddy. Kò sí ohun tí ẹ ṣe tó fà á.”

Mo rò pé ọ̀rọ̀ yẹn á tù ú nínú. Òun gan-an ló fọ́ ọ. Bó bá jẹ́ iyanrìn ni, ì bá ti dáwọ́ iyanrìn dúró.

Ó ṣì fẹ́ gbìyànjú. Ó ní ọwọ́ òun mọ máṣíìnì ju ojú òun lọ, mo sì fẹ́ gbà á gbọ́. Ọmọbìnrin kan gbé máṣíìnì ìyá rẹ̀ tó ti kú wá, ó ní òun fẹ́ fi í bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kí wọ́n tó ta iyanrìn sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lára, wọ́n gbọ́dọ̀ fi téèpù dí gbogbo ihò tí irin ń gbà yí. Ọkọ mi fọwọ́ wá àwọn ihò náà, ó dí wọn. Ó fo ọ̀kan. Iyanrìn wọ ibẹ̀, ó jẹ irin inú rẹ̀, nígbà tó sì tò ó pọ̀, máṣíìnì náà há. Gbogbo ohun tó mọ̀ ló ṣe sí i, kò yí mọ́. Nígbà tí ọmọ náà dé, ó ní, “Ẹ má dààmú, Daddy, kò burú,” ó sì gbé e jáde lọ. Èmi ò gbọ́ nǹkan kan. Ọkọ mi ló dúró lójú kan, tó ní, “Ó ń sunkún ní géètì.” Mo yọjú. Lóòótọ́, ó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, ó gbé máṣíìnì náà lé itan, ó ń sunkún.

Kò tan àpótí náà mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Oògùn ojú náà ò dá ohunkóhun dúró. Ojú ọ̀tún kọ́kọ́ lọ, èyí tó kù sì tẹ̀ lé e. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wá, wọ́n gbàdúrà, wọ́n kọrin, wọ́n lọ. Ó ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ lórí orúnkún. Ọwọ́ tí kì í dúró jẹ́ẹ́ tẹ́lẹ̀ wá dúró jẹ́ẹ́. Kò súfèé mọ́. Bí mo bá gbé oúnjẹ fún un, á ní, “Ẹ ṣé,” bí ẹni tó ń dá àlejò lóhùn, èmi tó ń pè ní ìwọ láti ìgbà tí a ti fẹ́ra.

Àwọn èèyàn ti bi mí rí bóyá mo rí nǹkan kan kọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Mi ò rí. Iṣẹ́ èmi àti òun ni láti tú ohun tó bàjẹ́, ká wá ibi tó ti já, ká pààrọ̀ rẹ̀, a sì ti fi gbogbo ayé wa gbà pé bẹ́ẹ̀ ni nǹkan gbogbo rí. Mi ò gbà á mọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá jókòó sídìí máṣíìnì mi báyìí, ìgbà tí mò ń lọ ra gíláàsì ní Kétu ló máa ń wá sí mi lọ́kàn, pẹ̀lú oòrùn lórí mi, tí mò ń ráhùn pé ọkọ mi fẹ́ dá mi lágara. Mo rò pé wàhálà ni nígbà náà. Mi ò mọ̀ pé ìgbà ìkẹyìn nìyẹn tí ohun kan á máa ṣe é, tí màá sì ní ibi tí mo lè sáré lọ ra ohun tí màá fi tún un ṣe.