Ohùn Sífáwù ní Kàtídírà

Dùùrù ni mo gbọ́ kí èmi àti ọmọ-ọmọ mi tó gun àtẹ̀gùn Kàtídírà wa ní Ìjẹ̀bú-Òde tán. Ẹnì kan ń fi orin Kérésì dánra wò nínú ilé tó ṣófo. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó sún mọ́ mi jù. Orúnkún mi kò gbà mọ́, gbogbo ẹni tí mo lè bi pé "ṣé ẹ rántí?" ló sì ti lọ tán.

Sífáwù ló dá orin yẹn nígbà tí a wà lọ́mọdé. Ògiri kan ló là wá láàárín. Aṣọ ni bàbá rẹ̀, Alájì, ń tà. Bí a bá se ìkọ́kọrẹ́ ní Kérésì, tiwọn là ń kọ́kọ́ bù; bí Iléyá bá sì dé, láti àárọ̀ la ti ń retí ẹran wọn, àfi bíi pé àwa la ra àgbò. Sífáwù a máa bá mi lọ síbi ìdánrawò orin, á jókòó sẹ́yìn. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá akọrin gbọ́ ọ tó ń kọ ọ́ lábẹ́lẹ̀, ló bá dá gbogbo wa dúró.

Ọ̀gá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ṣọ́ọ̀bù Alájì, ó ní kó jẹ́ kí Sífáwù bá wa dá orin Kérésì. Àwa méjèèjì dúró lẹ́nu ọ̀nà, Sífáwù di ọwọ́ mi mú pinpin. Alájì ká aṣọ iwájú rẹ̀ tán kó tó fèsì.

"Tíṣà, Ọlọ́run ló fún un lóhùn, èmi kò ní dí i lẹ́nu. Àmọ́ kò ní wọ aṣọ funfun yín o."

Bẹ́ẹ̀ ni Sífáwù ṣe dúró láàárín àwa aláṣọ funfun nírọ̀lẹ́ ọjọ́ orin, tòun ti ìbòrí aláwọ̀ ewé rẹ̀. Alájì bọ́ bàtà bí ẹni ń wọ mọ́ṣáláṣí, ó gbé e lọ́wọ́, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà títí orin fi parí. Àwa ọmọdé rẹ́rìn-ín títí. Ìyá mi kò rẹ́rìn-ín. Omijé ló ń nù.

Kí Kérésì mìíràn tó dé, òwò ti gbé wọn lọ sí Òkè Ọya. N kò fojú kàn án mọ́. Mo wádìí títí ó fi sú mi.

Ilé wọn ti di ibi tí wọ́n ti ń ta fóònù. Síbẹ̀, Mùsùlùmí ni ọmọbìnrin mi fẹ́. Ọkọ náà ló ń wakọ̀ gbé e wá sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọọjọ́ Ìsinmi, ọmọ mi náà ló sì ń dáná sààrì fún un nígbà ààwẹ̀.

"Màmá, ṣé ó ti rẹ̀ yín ni?" Ọmọ-ọmọ mi ló bi mí.

"Ó ti rẹ̀ mí, ọmọ mi. Jẹ́ kí n gbàdúrà kan."

N kò mọ̀ bóyá àdúrà alààyè ló yẹ Sífáwù, tàbí ti ẹni tó ti sùn. Mo gba méjèèjì fún un, mo ní kí ọmọ fà mí dìde.