Ìgò Tí Àjíṣọlá Yà

Àjíṣọlá kì í ya ohun ìbànújẹ́ tẹ́lẹ̀. Òdòdó àti ẹyẹ ló ń yà sára ánkárá ní ilé iṣẹ́ aláṣọ kan ní Ìkẹjà. Nígbà tí ètò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní SAP dé, ìjọba ológun ní kí gbogbo wa ní sùúrù. Àwọn tó ń bẹ̀ wá ò kúkú febi sùn. Owú ò wọlé mọ́, wọ́n sì ti ilé iṣẹ́ náà pa. Àjíṣọlá àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Fàúsát, tí ẹ̀rọ ìhunṣọ ti ṣẹ́ ìka rẹ̀ kan rí, jọ jáde lọ́jọ́ kan náà.

Fàúsát ló kó sínú ọtí. Mùsùlùmí ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, nítorí náà ìkọ̀kọ̀ ló ti ń mu bíà rẹ̀. Mùíbì ọkọ rẹ̀ mú Uswat, ọmọ wọn kan ṣoṣo, lọ. Ó ní ọjọ́ tí Fàúsát bá jáwọ́ nínú ọtí lòun máa dá a padà. Dókítà ní tirẹ̀ sọ pé ẹ̀dọ̀ Fàúsát ti bàjẹ́, pé bó bá tún fẹnu kan ọtí, yóò kú.

Nọ́ọ̀sì kan wà ní Dopemu tó máa ń kó irú àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀ jọ ní Ọjọ́bọ̀. Ìwé ìkìlọ̀ nípa ọtí tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i láti òkè òkun, òyìnbó ló kún inú rẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ò sì mọ̀wé. Ó bẹ Àjíṣọlá pé kó ya èyí tí ojú lásán lè kà. Inú Àjíṣọlá dùn bí ẹni tí wọ́n pè padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó ya ìgò bíà aláwọ̀ ewé, ó fi ọ̀dà pupa fagi lé e. Gbogbo wa ládùúgbò la yìn ín.

Fàúsát lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yàrá rẹ̀ lẹ́bàá ojú irin Agége. Kò kan bíà mọ́. Síbẹ̀, ó ń rù, ikùn rẹ̀ sì ń wú. Nọ́ọ̀sì ní àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé irọ́ ló ń pa. Àjíṣọlá fún un lésì gbígbóná: "Fàúsát kì í purọ́ fún mi!"

Kò sì purọ́. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Àjíṣọlá lọ kí i, ó bá a níjòókòó lábẹ́ àwòrán náà, ẹyinjú rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè, ife kékeré kan wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kí lò ń mu yẹn?"

"Àgbo jẹ̀dí ni jàre. Ẹ̀yìn ló ń dùn mí. Ìyá tó ń tà á nídìí rélùwéè ní kí n máa mu ún láàárọ̀ àti lálẹ́."

Àjíṣọlá gba ife, ó gbóòórùn rẹ̀. Ògógóró ni wọ́n fi rẹ egbò igi tí wọ́n fi ṣe é.

"Fàúsát, ọtí mà nìyí!"

"Ọtí kẹ̀? Oògùn ni! Àwọn àlhájà gan-an ń mu ún." Ó nawọ́ sí ògiri. "Ọtí nìyẹn. Mo fi Alùkùránì búra, n ò fọwọ́ kàn án látọjọ́ tí o ti yà á." Ó wá rí i pé ọ̀rẹ́ òun ń sunkún, ohùn rẹ̀ sì rọlẹ̀. "Tó bá jẹ́ pé ọtí lèyí náà, kí ló dé tí o ò yà á?"

Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Ojoojúmọ́ la ń rí àgbo yẹn. Bí ọkùnrin bá mu ún tó ṣubú, a ó ní ọ̀mùtí ni. Bó bá jẹ́ obìnrin, a ó ní ẹ̀yìn ló ń dùn ún. Ọ̀rọ̀ yẹn ń dùn mí títí dòní.

Fàúsát kú kí òjò ọdún yẹn tó dá. Uswat ò bá ìyá rẹ̀ láyé.

Àjíṣọlá ya òmíràn: ìgò àgbo tí egbò wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ife kékeré, àti ọwọ́ obìnrin kan tí ìka rẹ̀ kan wọ́. Ó gbé e kọ́ síwájú àwọn obìnrin tí nọ́ọ̀sì ń kó jọ. Nígbà tó yá, ẹnì kan tú ìdí ìró rẹ̀, ó yọ ìgò àgbo kékeré kan, ó gbé e sórí tábìlì. Òmíràn ṣí báàgì. Wọ́n ń gbé e kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àjíṣọlá ò lè wo tábìlì náà. Ó kọjú sí àwòrán, ó gbọ́wọ́ lé ìka tó wọ́ yẹn, omi ń dà lójú rẹ̀.

"Fàúsát," ó ní, "mo ti yà á."